Ọmọ Mẹ́ta Tí Aránṣọ Kò Bí

Ìlà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà ló fẹ́ gbé Nọ́ọ̀sì dé ilé ẹjọ́. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà yí ojú ẹ̀rọ sí Màmá Fínnífínní kí ó lè rí i dáadáa. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: lọ́jọ́ Ajé, àkáǹtì Nọ́ọ̀sì ṣí àkọsílẹ̀ Aránṣọ, ó sì yí i padà. Níbi tí wọ́n ti ń bèèrè oògùn tí ara aláìsàn kì í gbà, "pẹnisílínì" ló wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ní báyìí, "kò sí" ló wà níbẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ni ibà gbé Aránṣọ dé," Dókítà sọ. "Ó ń ṣèrànrán, kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo wo ojú ẹ̀rọ, mo rí 'kò sí', mo ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì. Kí n tó yíjú padà, ọ̀fun rẹ̀ ti wú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè rí i. Ó ń mí, àmọ́ kò tíì lè sọ̀rọ̀."

Obìnrin ni Dókítà, kì í sì í ṣe ẹni tí omi tètè ń bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yìí, ó ní láti bọ́ awò ojú rẹ̀ kó nù ún. Nọ́ọ̀sì ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn náà. Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ sí Màmá Fínnífínní.

Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Nígbà tó wà níbẹ̀, kò sí ẹjọ́ tí kì í ní kí wọ́n tún wò fínnífínní, ibẹ̀ ni ìnagijẹ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá Ọlọ́pàá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yìí, abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Ó bọ̀wọ̀ fún un gan-an, àmọ́ sùúrù ni kò rí kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, kí la tún ń wá?" Ọ̀gá Ọlọ́pàá bèèrè. "Ní Sátidé, Nọ́ọ̀sì lọ bá Aránṣọ jà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn máa pàdé. Àwọn tó gbọ́ ọ pọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àkọsílẹ̀ yí padà. Ọ̀rọ̀ parí. Ilé ẹjọ́ ń retí wa lọ́la."

"Ó kù kí n gbọ́ ọ lẹ́nu òun náà," Màmá dáhùn, ó sì dìde.

Wọ́n ti mú Nọ́ọ̀sì wá láti àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀, yàrá tí wọ́n ń kó báńdéèjì sí ni wọ́n fi í sí, pẹ̀lú obìnrin ọlọ́pàá kan tó ń ṣọ́ ọ. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti rún. Bó ṣe rí Màmá, ó kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi, jókòó. Ṣé lóòótọ́ lo bá Aránṣọ jà?"

"Òótọ́ ni, mà. Apá aṣọ mi kan gùn ju èkejì lọ, ó tún ní èmi ni mi ò dúró dáadáa nígbà tó ń wọ̀n mí. Inú bí mi."

"O ní ẹ máa pàdé."

"Ẹnu lásán ni, mà. Ta ni kì í halẹ̀ mọ́ aránṣọ?"

Màmá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Òun náà ní aránṣọ.

"Kí lo ṣe lọ́jọ́ Ajé?"

"Èmi ni mo wà níbi ìforúkọsílẹ̀. Èrò pọ̀ débi pé mi ò ráyè mumi. Mo forúkọ àwọn tuntun sílẹ̀, ìyẹn náà ni mo ṣe. Aránṣọ ò wá. Ká ní ó wá ni, màá tún bá a jà."

"Ta ló mọ páásíwọọ̀dù rẹ?"

"Èmi nìkan, mà. Ọkọ mi pàápàá ò mọ̀ ọ́n." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mà, kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ẹnu la fi ń bi aláìsàn léèrè oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, ká tó gún un. Wọ́n ní ká má bèèrè mọ́, pé ó ń fa ìdádúró, pé ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n náà ló ń pè mí ní apààyàn báyìí."

Màmá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì jáde.

Ọkùnrin tó ṣe ẹ̀rọ náà ti dé sí ọ́fíìsì Dókítà. Ẹnjiníà ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan ìyá tó bí i lọ́mọ. Ìyá náà wà níta lórí bẹ́ǹṣì, nítorí bí wọ́n ṣe pe Ẹnjiníà láàárọ̀ ló ti ní kí ìyá òun tẹ̀ lé òun wá, kí Dókítà bá òun wo orúnkún tó ń dun ìyá.

"Ọmọ mi," Màmá sọ fún un, "ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi. Ṣe bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan kan. Kì í ṣe pé irọ́ ni."

Ẹnjiníà fa ìwé kan mọ́ra, ó ya àpótí mẹ́ta síbẹ̀. Iṣẹ́ náà wù ú, ó hàn lójú rẹ̀.

"Tábìlì là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mà. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Nínú tábìlì àkọ́kọ́, mo kó àkáǹtì àwọn èèyàn sí: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, páásíwọọ̀dù. Nínú ìkejì, ọ̀rọ̀ ara wọn: ọjọ́ orí, irú ẹ̀jẹ̀, iye ọmọ, oògùn tí ara kì í gbà. Ìkẹta ló ń ṣọ́ ìkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, tábìlì yìí á kọ orúkọ onítọ̀hún, ohun tó bá níbẹ̀ àti ohun tó fi rọ́pò rẹ̀."

"Mi ò rí orúkọ nínú ìkejì."

"Kí la fẹ́ fi ṣe é, mà? Èmi kì í kọ nǹkan kan síbi méjì. Nọ́ńbà fóònù ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tí ẹ̀rọ bá fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ni ìlà kan, á mú nọ́ńbà yẹn lọ sí tábìlì àkọ́kọ́, á wá ẹni tó ni ín." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá mi ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Èmi fúnra mi ni mo forúkọ wọn sílẹ̀."

"Jẹ́ kí n rí tábìlì àkọ́kọ́."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Orúkọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀. Páásíwọọ̀dù náà wà níbẹ̀, gedegbe, bí ìgbà tí wọ́n sá aṣọ sórí okùn. Màmá wá orúkọ Nọ́ọ̀sì, ó ka ohun tó wà níwájú rẹ̀.

"Orúkọ ajá rẹ̀ ni," Dókítà sọ, ẹnu sì yà á. "Ẹnjiníà! O lè rí páásíwọọ̀dù gbogbo wa?"

Ẹnjiníà wolẹ̀. "Ó yẹ kí n yí wọn padà sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, mà, kódà èmi náà. Mo ní tó bá yá, màá ṣe é."

"Ó ti yá!" Ọ̀gá Ọlọ́pàá ti dìde, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í jìnnà sí i. "Ó túmọ̀ sí pé ìwọ náà lè wọlé bíi Nọ́ọ̀sì. Níbo lo wà lọ́jọ́ Ajé?"

"Ọ̀gá, mi ò mọ Aránṣọ rí! Kí ló máa mú mi ṣe é?"

"Ìyẹn ni wàá sọ fún wa ní àgọ́."

"Dá ìyẹn padà sápò ná," Màmá sọ fún un. Ó ti fi gbogbo ara yíjú sí kọ̀ǹpútà. "Láti àárọ̀ títí di ìsinsìnyí, ibi oògùn nìkan lẹ ń fi hàn mí. Mo fẹ́ rí gbogbo ohun tó yí padà nínú ìlà Aránṣọ lọ́jọ́ náà, látòkè délẹ̀."

Wọ́n ṣí i fún un. Ó sún mọ́ ọn, ó ń ka á sókè, ìka rẹ̀ sì ń rìn lójú ẹ̀rọ.

"Tẹ́lẹ̀: ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Ní báyìí: ọdún márùndínlógójì. Tẹ́lẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ O. Ní báyìí, A. Tẹ́lẹ̀, kò sí ọmọ. Ní báyìí, ọmọ mẹ́ta." Ó yí àga rẹ̀ padà. "Ìwọ Ọ̀gá, dá mi lóhùn. Tí o bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa èèyàn, ibo lo máa fọwọ́ kàn nínú ìlà yìí?"

"Ibi oògùn, Màmá."

"Ibẹ̀ nìkan?"

"Ibẹ̀ nìkan."

"Kí wá ni ọ̀tá yìí fẹ́ fi ọmọ mẹ́ta ṣe? Ó fẹ́ pa á, ó tún wá ń bímọ fún un?"

Ọ̀gá Ọlọ́pàá tún ìlà náà kà, ètè rẹ̀ ń mì.

"Aránṣọ ò tíì bímọ," Dókítà sọ jẹ́jẹ́. "Ó sì dá mi lójú pé O ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mo gbà. Àmọ́ ẹnì kan bí àwọn ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ ká wá ìyá wọn."

Màmá yọ fóònù tirẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà tó wà nínú ìlà Aránṣọ. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi gbé e.

"Ẹ ǹ lẹ́ o. Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nínú wa?"

Inú Màmá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin mélòó lẹ ń lò ó, ìyá?"

"Èmi àti àbúrò mi aránṣọ ni, mà. Tí ẹ bá fẹ́ ránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ara rẹ̀ ò yá. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo wà yìí."

"Má kúrò níbẹ̀. Mò ń bọ̀."

Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, fóònù wà ní ọwọ́ kejì. Aránṣọ sùn, ojú rẹ̀ ṣì wú. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dìde kí Màmá, Màmá ní kó jókòó.

"Ọmọ mélòó lo bí?"

"Mẹ́ta, mà." Ìbéèrè náà ṣe é ní kàyéfì. "Ọkọ mi lọ ṣiṣẹ́ níbi tó jìn, a wá ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi yìí."

"Ìgbà wo lo kọ́kọ́ wá síbí?"

"Lọ́jọ́ Ajé, mà. Ojú ló ń dùn mí. Nọ́ọ̀sì kan forúkọ mi sílẹ̀, ó kó mi mọ́ra gan-an. Ó béèrè gbogbo nǹkan, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ."

"Ó béèrè nọ́ńbà fóònù?"

"Ó béèrè. Tèmi ti bọ́ sómi látọjọ́ tó ti pẹ́, ti àbúrò mi là ń pín lò. Òun náà ni mo fún un."

"Ṣé o sọ fún un pé ti àbúrò rẹ ni?"

"Kò bi mí, mà. Orúkọ ọkọ mi ni mò ń jẹ́, kò lè mọ̀ pé ìyá kan ló bí wa." Ojú rẹ̀ yí padà. "Mà, ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni?"

"O ò ṣe nǹkan kan," Màmá sọ. "Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe lo ṣe."

Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì tó sì rò ó fún wọn, Ẹnjiníà ló kọ́kọ́ yé. Ó rọra jókòó.

"Mo ní kí tábìlì kejì fi tuntun rọ́pò àtijọ́ tí nọ́ńbà náà bá ti wà níbẹ̀," ó ní. "Mo rò pé ẹni yẹn náà ló padà wá tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe. Mi ò rò ó rárá pé èèyàn méjì…"

"O fún èèyàn méjì ní ìlà méjì nínú tábìlì àkọ́kọ́," Màmá sọ, "o wá fún wọn ní ara kan ṣoṣo nínú ìkejì. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó ti àbúrò jáde. Nígbà tí tábìlì kẹta fẹ́ ròyìn, ó wá ẹni tó ni nọ́ńbà, ẹni tó kọ́kọ́ bá ni Aránṣọ. Ó pe orúkọ Aránṣọ, ó ní Nọ́ọ̀sì ló fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá Ọlọ́pàá fi àáké kọ́rí. "Màmá, èèyàn ló ń purọ́. Ẹ̀rọ kì í purọ́. Mi ò lè lọ sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò níwájú adájọ́."

"Ó dáa. Ṣé o ní àkáǹtì níbí?"

"Mo ní in."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọn ò ní. Ó ti ń wù mí kí n mú wọn wá."

"Dókítà, ẹ bá a forúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ báyìí."

Dókítà fi àkáǹtì tirẹ̀ wọlé, ó ń béèrè, Ọ̀gá Ọlọ́pàá ń dáhùn. Orúkọ. Ọjọ́ orí: ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ọmọ: méje. Oògùn tí ara kì í gbà: kò sí.

"Nọ́ńbà fóònù ìyá?"

"Wọn ò ní fóònù. Ẹ kọ tèmi," Ọ̀gá Ọlọ́pàá dáhùn, ó sì pe nọ́ńbà rẹ̀ láìronú.

Màmá wò ó. Dókítà tẹ bọ́tìnnì. Ẹnjiníà ṣí ìlà Ọ̀gá Ọlọ́pàá, ó sì yí ojú ẹ̀rọ sí ẹni tó ni ín. Ọ̀gá Ọlọ́pàá ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó ti bí ọmọ méje.

"Ẹ kú ewu ọmọ o," Màmá sọ.

Obìnrin ọlọ́pàá tó gbọ́ ọ láti yàrá kejì bú sẹ́rìn-ín, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Ọlọ́pàá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìlà tábìlì kẹta, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àkáǹtì Dókítà yí àkọsílẹ̀ Ọ̀gá Ọlọ́pàá padà.

"Ṣé ká mú Dókítà?" Màmá bi í. "Ó ṣe tán, ẹ̀rọ kì í purọ́."

Ọ̀gá Ọlọ́pàá kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ sápò. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá báńdéèjì fúnra rẹ̀. "Ìyá mi," ó sọ fún Nọ́ọ̀sì, "ẹ máa bọ̀. Ẹ má bínú."

Nọ́ọ̀sì wọlé, kò tíì gbà á gbọ́. Dókítà gbá a mọ́ra. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un tán, ó kọjú sí Ẹnjiníà.

"Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo sùn. Àwọn ọmọ mi ń béèrè pé kí ni mo ṣe. Ìwọ jókòó sílé rẹ."

"Ẹ forí jì mí, mà," Ẹnjiníà sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì.

"Dìde," Màmá sọ fún un. "Ìdọ̀bálẹ̀ á dúró. Nínú ìdílé mélòó ni wọ́n ti ń pín fóònù kan lò? Wá gbogbo nọ́ńbà tó ní ju ẹnì kan lọ. Kó o sì pè wọ́n, kí wọ́n tó gún ẹlòmíì."

Ẹnjiníà dìde, ó jókòó, ó tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Àwọn nọ́ńbà náà jáde, wọ́n ń tò sílẹ̀ títí ojú ẹ̀rọ fi kún. Tọkọtaya wà níbẹ̀, bàbá àti ọmọ wà níbẹ̀, ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé náà wà níbẹ̀. Dókítà kò tilẹ̀ ka orúkọ. Ó fa fóònù orí tábìlì rẹ̀ mọ́ra, ó tẹ nọ́ńbà tó wà lókè pátápátá.

Fóònù dún nínú àpò Ẹnjiníà.

Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Orúkọ méjì ló wà níwájú nọ́ńbà rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló ṣáájú, tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá kò ní fóònù. Nọ́ńbà tirẹ̀ ló kọ fún un lọ́jọ́ tó fi í dán ẹ̀rọ wò, lẹ́yìn náà ló forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ara tirẹ̀ sì rọ́pò ti ìyá.

"Dókítà," ó ní. "Kí lẹ ní kí wọ́n ṣe fún màmá mi láàárọ̀?"

Dókítà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Abẹ́rẹ́. Mo wo ojú ẹ̀rọ, ó ní kò sí oògùn tí ara wọn kì í gbà."

Ẹnjiníà dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu gbálẹ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, Nọ́ọ̀sì ti kọjá lára rẹ̀ bí afẹ́fẹ́.

Ìyá náà ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá abẹ́rẹ́. Ó kàn án. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ń fi sùúrù wo ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó rọra fa apá aṣọ náà wálẹ̀ padà, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ dákun, mà," ó ní. "Ǹjẹ́ oògùn kankan wà tí ara yín kì í gbà?"

"Ó wà, ọmọ mi," ìyá náà dáhùn. "Àtàárọ̀ ni mo ti ń retí kẹ́nì kan bi mí."